Fi Í Pamọ́ Fún Un

Ẹni tó bá ń tọ́jú nǹkan ẹlòmíì, Olúwa má jẹ́ kí tirẹ̀ ṣòfò. Àdúrà tí obìnrin ayàwòrán kan máa ń gbà nìyẹn tó bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀. Tó bá ń tì í nírọ̀lẹ́, á tún gbà á, ṣùgbọ́n ti ìrọ̀lẹ́ kì í gùn. "Olúwa, o mọ èyí tó kù," ló fi máa ń parí rẹ̀, torí ara á ti kọ̀.

Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ o, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ ọ̀hún mọ́. Ẹ-rẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é, nítorí ohun tó ń wí fún gbogbo ẹni tó bá jókòó síwájú kámẹ́rà rẹ̀ nìyẹn. Onídìrí, obìnrin tó ń ṣe irun ní ṣọ́ọ̀bù kejì, a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀: "Ọ̀rẹ́ mi, rẹ́ ló wà lẹ́nu ẹ, rẹ̀ ló wà lára ẹ." Òótọ́ ni. Ẹni tó ń bẹ aráyé látàárọ̀ dalẹ́ pé kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ìgbà wo ni tirẹ̀ fẹ́ kù?

Iṣẹ́ àwòrán kì í ṣe ká yà á nìkan. Yíyà ò le, ìtọ́jú ló le. Àwòrán ayé ìgbà kan, orí bébà ló wà. Bí iná ò bá jó o, tí ikán ò jẹ ẹ́, ó ń bẹ. Tòde òní, inú ẹ̀rọ ló ń gbé, ẹ̀rọ sì dà bí èèyàn: ó lè sùn lálàáfíà kó má jí. Ẹ-rẹ́rìn-ín mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo àwòrán tó bá yà fi ń wà níbi mẹ́ta. Ọ̀kan wà nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan wà nínú háàdì, àpótí pẹlẹbẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, èyí tó tì mọ́ inú páànù bisikí lórí pẹpẹ. Ẹ̀kẹta wà nínú háàdì mìíràn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní ìlú mìíràn, torí ọ̀nà kan ò wọjà. Bí ọdún bá sì ti yí, á ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan wò. Ohun tí a tọ́jú tí a ò yẹ̀ wò, a ti sọ ọ́ nù, a ò tíì mọ̀ ni.

Ọkàn rẹ̀ nìkan ni kò bá lò bẹ́ẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ló kó o sí nígbà kan, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní òun ń bọ̀. Ọkùnrin náà ò bọ̀. Ẹ-rẹ́rìn-ín ò sunkún púpọ̀. Ó kàn rẹ̀ ẹ́, kò sì tíì sinmi tán látìgbà náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni ilé awakọ̀ akẹ́rù kan tó ti fẹ̀yìn tì. Àìsàn gbé bàbá náà dè. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń kẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun, wọn ò sì jẹ́ kó mọ bí ó ti le tó, kó má baà sá fi ìdánwò sílẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pe Ẹ-rẹ́rìn-ín wá. Ìyá ọmọ náà, aránṣọ ni, òun ló dì í mú jókòó. Eegun ìhà bàbá ṣeé kà. Ẹ-rẹ́rìn-ín gbé kámẹ́rà sójú, ẹnu rẹ̀ sì sọ ohun tó ti mọ́ ọn lára: "Bàbá, ẹ rẹ́rìn-ín."

"Ó rẹ̀ mí, ọmọ mi," ni bàbá fèsì. "Jẹ́ kí n kúkú wakọ̀."

Ó ya àwòrán mélòó kan, ó sì dúpẹ́ pé kámẹ́rà bo ojú òun.

Lọ́jọ́ kejì ni Onídìrí, tó ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú wọn, yọ orí wọlé. "Ìyá ò lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ aláìsàn, wọ́n ní kí n jẹ́ iṣẹ́ kan fún ọ. Wọ́n ní kí o fi àwòrán bàbá pamọ́ fún ọmọ àwọn."

"Kí n fi pamọ́ fún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Ó ti yá, irun ń dúró dè mí."

Ẹ-rẹ́rìn-ín rò ó. Ilé tí wọ́n ti ń fi àìsàn pamọ́ fún ọmọ, àwòrán àìsàn ni wọn ò ní fi pamọ́ fún un? Ta ló fẹ́ kí ọmọ fi ojú rí eegun baba rẹ̀? Ó kó wọn síbi mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Bàbá kú. Wọ́n sin ín kí ọmọ tó dé.

Ọ̀sán gbígbóná kan ni ọmọ náà wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó ti padà sílé pátápátá, ó sì ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ ẹ̀yìn ọjà. Tísà ni wọ́n ń pè é. Ẹfun ìkọ̀wé wà lápá ẹ̀wù rẹ̀. Kó tó la ẹnu ni Ẹ-rẹ́rìn-ín ti mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, torí iwájú orí bàbá ló gbé kiri.

"Ẹ káàsán o. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń jẹ́ Ẹ-rẹ́rìn-ín?"

"Èmi ni. Ẹ jókòó, ṣùgbọ́n ẹ má fara ti àga yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì. Ṣé ti ìwé ìrìnnà lẹ fẹ́ yà?"

"Kì í ṣe yíyà ni mo bá wá. Àwọn tó ń kú lọ ni mo gbé wá." Ó tú àpò ọ̀rá kan sórí tábìlì: fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́, fíláàṣì tí ìdérí rẹ̀ ti sọnù, mẹ́mórì káàdì tí a fi bébà dì, àti háàdì ńlá kan. "Gbogbo ẹbí mi ló wà níbẹ̀ yẹn."

Ẹ-rẹ́rìn-ín so háàdì náà mọ́ ẹ̀rọ, ó sì gbé etí lé e. Ó ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ bí ẹni tí òtútù ń mú. "Èyí ti ń gbọ̀n. Ṣé inú rẹ̀ nìkan lẹ kó wọn sí?"

"Inú rẹ̀ nìkan. Wọ́n ní irú rẹ̀ kì í bàjẹ́."

"Ta ló ní?"

"Ẹni tó tà á fún mi."

"Hẹn-ẹn. Ẹni tó ń ta àgbò, ṣé á ní tòun ń rù ni?"

Tísà rẹ́rìn-ín. Ẹ-rẹ́rìn-ín ò bẹ̀ ẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ya obìnrin náà lẹ́nu.

Láti ìgbà náà ló ti di pé bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti parí, Tísà á wá. Àwọn méjèèjì á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà bí aláàárù méjì tó sọ ẹrù kalẹ̀. Wọ́n ń yọ àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan kí háàdì tó dákẹ́, wọ́n sì ń sọ wọ́n lórúkọ. "Má fi nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fún un sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni Ẹ-rẹ́rìn-ín máa ń wí. "Àwòrán tí kò lórúkọ, àlejò tí ò lẹ́nu ni. Ta nìyí?"

"Àbúrò màmá mi. Tó bá wá kí wa, ẹran inú ìkòkò á kéré, ṣùgbọ́n ẹ̀rín á pọ̀."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ á fẹ́ mọ̀."

Ìgbà mìíràn, àárẹ̀ á mú Tísà. "Ṣé ká má kàn kó gbogbo ẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ká lọ sùn?"

"Kó o síbẹ̀ náà, ó dáa. Ṣùgbọ́n ilé onílé ni. Ọjọ́ tí o bá gbàgbé ọ̀rọ̀ tó o fi ń wọlé, tàbí tí onílé ní kí o kó jáde, níbo lo fẹ́ sùn? Fi ibẹ̀ ṣe ọ̀kan nínú mẹ́ta, má fi ṣe ìyá, má fi ṣe bàbá."

Láàárín irú ọ̀rọ̀ báyìí ni "ẹ" di "o" láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ kan, Tísà kan àwòrán bàbá rẹ̀ níbi tí bàbá ti nà ró níwájú ọkọ̀ ẹrù. "Ìwọ lo ya èyí."

"Èmi ni. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Mo dé, wọ́n ti sin ín. Bí mo bá dijú, ohùn rẹ̀ lórí fóònù nìkan ni mo ń gbọ́. Mi ò mọ ojú tó fi lọ. Ṣé o yà á lẹ́yìn ìyẹn?"

Ẹ-rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀, ó ń tún okùn iná kan ṣe tí nǹkan kan ò ṣe. "Rárá."

Ọ̀rọ̀ kan péré, ṣùgbọ́n ó wúwo ju háàdì lọ. Ní alẹ́ yẹn, kò lè gba àdúrà rẹ̀ tán. Ìyá ẹ̀ ló ní kí n fi pamọ́, ló ń wí fún ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Bí mo bá sọ, mo da àgbà. Bí mi ò bá sọ, mo da ẹni tó ń wo ojú mi bí ẹni ń wo omi tó tòrò. Olúwa, èwo ni kí n ṣe? Olúwa ò dáhùn, tàbí kó jẹ́ pé oorun ló gbé e lọ kí ìdáhùn tó dé.

Nígbà tí òjò ọdún náà ń kásẹ̀ nílẹ̀, Tísà ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fún un bó ti máa ń ṣe, ó wá dúró, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó rẹ̀ mí láti máa dágbére fún ọ."

"Má dágbére mọ́ nígbà náà. Máa lọ bẹ́ẹ̀."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Mo fẹ́ ká jọ máa lọ sílé kan náà."

Ẹ-rẹ́rìn-ín gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ fẹ́ sá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbà. "Lọ sọ fún màmá ẹ," ló wí níkẹyìn. "Bí wọ́n bá gbà, mo ti gbà ṣáájú wọn."

Ìyá ò gbà.

Onídìrí ló gbé ìròyìn náà wá, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. "Ọ̀rẹ́ mi, Ìyá ní ọmọ àwọn ò ní fẹ́ ọ."

"Kí ni mo ṣe?"

"Wọ́n ní o ò mọ nǹkan tọ́jú."

"Èmi?" Ẹ-rẹ́rìn-ín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. "Èmi ni mi ò mọ nǹkan tọ́jú?"

"Má pariwo mọ́ mi o. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Bí wọ́n ṣe fi sí mi lẹ́nu ni mo ṣe tú u."

Tísà náà ò rí ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́. "Wọ́n kàn ń ránṣọ lọ ni," ló sọ. "Mo ní, 'Màmá, kí ló ṣe?' Wọ́n ní, 'Abẹ́rẹ́ tó sọnù, ẹni tó ni ín ló mọ̀.' Mo ní irú abẹ́rẹ́ wo, wọ́n ní kí n kúrò níbi iná, mò ń dí àwọn lójú."

Ọ̀rọ̀ wá dúró bẹ́ẹ̀ bí ọkọ̀ tí epo rẹ̀ tán. Ẹ̀ẹ̀rùn wọlé, ẹ̀ẹ̀rùn jáde. Tísà ṣì ń wá, ṣùgbọ́n àwòrán ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń tán. Àwọn méjèèjì á jókòó, fáànù á máa yí lórí wọn bí ẹni tó ń ronú, ẹnìkan á ní "Ó dáa o," èkejì á ní "Ó dàárọ̀." Ẹ-rẹ́rìn-ín ti ń múra ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ tí kò ní wá mọ́. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ti ṣe é rí.

Òjò àkọ́rọ̀ ló já irọ́ gbogbo wọn. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni Ẹ-rẹ́rìn-ín gbé páànù bisikí sọ̀kalẹ̀ sórí tábìlì, ó ṣí ìdérí rẹ̀ pé òun fẹ́ yẹ háàdì wò fún ọdún náà. Ó jáde lọ ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ìjì ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀bù, omi sì dà sórí kọ̀ǹpútà, sórí páànù, sórí ohun gbogbo. Nígbà tó fi máa sáré dé, háàdì ti jókòó sínú omi bí ọ̀pọ̀lọ́.

Tísà dé láti ilé ẹ̀kọ́, ó mú ìgbálẹ̀, ó ń gbá omi síta. Onídìrí ń fún aṣọ ẹ̀yìn àwòrán. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Ìyá fi wọlé. Okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, bàtà rẹ̀ kan ti já. Ó rí páànù, ó sì fọwọ́ lé orí.

"Ó tán! Mo mọ̀ pé o ti sọ wọ́n nù tipẹ́, mo ṣì ń tan ara mi pé bóyá wọ́n wà nínú páànù tí ọmọ mi ń sọ yẹn. Ó ti wá tán pátápátá."

"Kí ló tán, Màmá?"

"Àwòrán ọkọ mi! Èyí tí mo ní kí o fi pamọ́ fún ọmọ mi!"

Ìgbálẹ̀ dúró lọ́wọ́ Tísà.

"Màmá, mo fi pamọ́ fún un," ni Ẹ-rẹ́rìn-ín wí. "Ó bi mí lójúkojú, mo parọ́ fún un. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n fi pamọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Ó bi ọ́, o ò sì fún un? Irú ìpamọ́ wo nìyẹn?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n fi pamọ́ fún un!"

"Fún un ni mo wí! Fún un! Kó lè rí i tó bá dé!"

 Omi ń kán láti òkè, tó, tó, tó. Ọ̀rọ̀ kan náà ló dúró láàárín wọn, ó kọjú sí ìyá, ó kẹ̀yìn sí Ẹ-rẹ́rìn-ín. Gbogbo ojú wá yí sí Onídìrí.

"Ẹ má wò mí o," ni Onídìrí ké. "Ṣé èmi ni mo dá èdè ni?"

Ìyá jókòó sórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, àga náà sì gbà á. "Látọjọ́ yìí," ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "mo ń wo ojú ọmọ yìí bóyá ó ti rí baba rẹ̀. Ó ní o sọ fún òun pé kò sí. Mo ní, áà, ó ti sọ ọ́ nù, ó ń fi irọ́ bò ó. Mi ò lè sọ fún ọmọ mi pé ohun kan wà tó ti sọnù. Ọ̀fọ̀ kan ti tó o."

Tísà ò wo ìyá rẹ̀. "Mo bi ọ́," ló sọ fún Ẹ-rẹ́rìn-ín. "Níbí yìí. Ò ń tún okùn iná ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé wọ́n ti lọ?"

"Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Tó bá ṣì ń ṣí. Mi ò tíì yẹ ìyẹn wò lọ́dún yìí."

Tísà gbé ìgbálẹ̀ ti ara ògiri jẹ́jẹ́, ó sì lọ. Ì bá bú u, ì bá sàn.

Kò wá lọ́jọ́ kejì, kò wá lọ́jọ́ kẹta. Ẹ-rẹ́rìn-ín ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gbé háàdì wá, ó fi aṣọ ọmọdé wé e. Ẹ-rẹ́rìn-ín ò so ó mọ́ ẹ̀rọ kankan. Bó bá kú, kó kú lójú àwọn tó ni ín. Onídìrí ní kó gbé e wá kí òun bá a mú un lọ. "Rárá," ni Ẹ-rẹ́rìn-ín dáhùn. "Ní tèyí, ẹsẹ̀ ara mi ni màá fi jẹ́ ẹ."

Nígbà tó dé ilé wọn, Ìyá wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Tísà wà lórí ibùsùn kékeré tó wà ní yàrá náà, ìwé àwọn ọmọ iléèwé wà lórí orúnkún rẹ̀. Kò kí i, ṣùgbọ́n ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sórí tábìlì ìgéṣọ, ó fi ọwọ́ gbá òwú kúrò níwájú rẹ̀. Ẹ-rẹ́rìn-ín so háàdì mọ́ ọn. Iná kékeré rẹ̀ ò tàn. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu gbàdúrà, kò lóhùn. Ẹ-rẹ́rìn-ín yọ okùn, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀, ó tún fi í bọ̀ ọ́.

Iná tàn.

Àwòrán àkọ́kọ́, Ìyá fi ìborí bojú. Èkejì, Tísà di etí tábìlì mú. Eegun ni, eegun àti ojú tó wọnú. Ẹ-rẹ́rìn-ín rò pé, ohun tí mò ń sá fún nìyí. Ìgbà náà ni èyí tó kẹ́yìn yọ.

Bàbá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè nínú afẹ́fẹ́, ó yí wọn díẹ̀ sápá ọ̀tún, ó di ìtọ́kọ̀ ọkọ̀ tí kò sí níbẹ̀ mú. Ojú rẹ̀ jìnnà, ó ń wo ọ̀nà. Ẹnu rẹ̀ tí kò léyín mọ́ là sílẹ̀ gbàgà pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ìyá ṣí ojú. Ohùn tí wọn ò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú ló jáde:

"Arìnnà-má-ṣìnà, ọkọ aránṣọ! A-jí-kí-àkùkọ-tó-jí, a-gbẹ́rù-má-gbé-ọ̀ràn! Òkè ò dá ọ dúró, òjò ò dá ọ padà. Ọkọ̀ ni o bá wá, ọkọ̀ lo wà lọ!"

Tísà ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ sórí ìwé ìṣirò ọmọ ọlọ́mọ. "Bó ṣe máa ń di ọwọ́ mi mú nìyẹn tí mo bá wà lórí itan ẹ̀," ló wí. "Á ní, 'Tísà, di ọkọ̀ mú, mo fẹ́ sinmi.' Kí n tó mọ ìwé kà ló ti ń pè mí ní Tísà."

Wọ́n jókòó tì í pẹ́. Nígbà tó yá, Tísà wí láìyí orí padà, "Inú ṣì ń bí mi sí ọ."

"Mo mọ̀."

"Ó sì ti rẹ̀ mí láti máa bínú."

"Ìyẹn náà, mo mọ̀ ọ́n."

Tísà pa ojú dé, ó là á. "Ibi mẹ́ta, àbí? Ọ̀kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹ. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ ọ, ilé kan náà ni tìẹ àti tèmi máa wà. Bí òrùlé bá ṣí, ó parí. Òfin ẹ ò gbà bẹ́ẹ̀."

Kí Ẹ-rẹ́rìn-ín tó la ẹnu, Ìyá ló bá a dáhùn.

"Ẹ̀kẹta ń bẹ níbí." Ó ṣí dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó kó ìdì òwú sápá kan. "Ẹ kó o síbí. Ẹ máa wá yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe lọ́dọọdún o. Mo ti dàgbà, ẹ máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀." Ó kọjú sí Ẹ-rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, mi ò rán ẹnikẹ́ni, ẹnu ara mi ni mo fi ń sọ ọ́. Mo fún ọ lọ́mọ mi. Má fi pamọ́. Tọ́jú ẹ̀. Ṣé o gbọ́ ọ yé?"

"Ó yé mi, Màmá." Ó kúnlẹ̀ láti dúpẹ́, dídìde sì nira fún un.

"Ṣé kí n lọ sọ fún àdúgbò?" ni Onídìrí béèrè lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó dé.

"Má sọ nǹkan kan!" ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wí pa pọ̀.

Tísà mú Ìyá àti Ẹ-rẹ́rìn-ín jókòó sórí ibùsùn kékeré náà, ó yọ fóònù rẹ̀, ó gbé e sókè sí wọn. "Rẹ́rìn-ín."

"Jọ̀ọ́, ó rẹ̀ mí," ni Ẹ-rẹ́rìn-ín wí.

Ìyá fi ìgúnpá tì í pẹ̀lẹ́. "Kúkú wakọ̀."

 Ẹ-rẹ́rìn-ín gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó di afẹ́fẹ́ mú, ó yí i sápá ọ̀tún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìyá na ẹsẹ̀ bí èrò iwájú ọkọ̀, ó gbé orí lé e léjìká, ó sì dijú.